Kẹ̀kẹ́ Oníbàdí

Fóòkù kẹ̀kẹ́ tí Ìbíwùmí pọ̀n sẹ́yìn lábẹ́ bùbá tutù bí ẹni pé inú odò ni wọ́n ti ṣẹ̀ṣẹ̀ fà á yọ. Ó ti fi ọ̀já gbà á mọ́ra gírígírí, ó sì da ìborùn lé èjìká kí ṣóńṣó orí rẹ̀ má baà hàn. Iṣẹ́ ti parí fún ọjọ́ náà. Àwọn òṣìṣẹ́ Ilé Ìyọ́rin ń tò jáde lọ́kọ̀ọ̀kan láàárín òpó méjì tó ń kùn bí oyin. Kò sí ẹ̀ṣọ́ níbẹ̀, kò sí géètì. Ẹni tó bá dé àárín òpó, òpó á dákẹ́, á tẹ́tí sí gbogbo irin tó wà lára rẹ̀, á sì máa kùn padà. Ọjọ́ tí kò bá kùn padà, onítọ̀hún ti wọ gàù.

Ó kan Ìbíwùmí. Òpó dákẹ́.

"Ìdúró rẹ yàtọ̀ lónìí," ni ohùn kan wí láti inú òpó.

"Ẹ̀yìn ló ń ro mí."

"Ṣé kí n pe gbérami kó gbé ọ lọ sílé ìwòsàn?"

"Rárá o. Mo fẹ́ fẹsẹ̀ rìn."

"Ìrìn dára fún ẹ̀yìn," ni òpó dá a lóhùn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kùn padà.

Ìbíwùmí kọjá lára àwọn gbérami tó tò síwájú ọgbà, tí wọ́n ń ṣí ilẹ̀kùn fúnra wọn, tí wọ́n ń gbé èrò lọ láìsí awakọ̀ kankan nínú wọn. Kò mí kanlẹ̀ títí ó fi yà kúrò ní títì.

Irin tó bá ní orúkọ nìkan ni òpó ń gbọ́. Gbogbo irin tí wọ́n rọ nílùú láti ọgbọ̀n ọdún ó lé ni wọ́n ti sọ lórúkọ nínú iná, orúkọ náà á sì wà lára rẹ̀ títí di ọjọ́ tó bá tún yọ́. Ṣùgbọ́n àwọn kẹ̀kẹ́ ológeere tí wọ́n ń kó wá fún Ìbíwùmí láti tú palẹ̀ ti dàgbà ju òfin lọ. Kò sí ẹni tó gbọdọ̀ mú ohunkóhun jáde lára wọn, ì báà ṣe nọ́ọ̀tì kan. Inú iná ni gbogbo wọn ń lọ. Ọdún méjìdínlógún ni Ìbíwùmí fi tú wọn tó sì jù wọ́n síná láìwẹ̀yìn. Ní ọdún kọkàndínlógún, ọwọ́ rẹ̀ kọ̀ ọ́.

Àgó-Àpáta ló ń gbé, ní ìhà kan Abẹ́òkúta tí ilé ti gun orí òkúta bí ewúrẹ́. Ìsàlẹ̀ ni gbérami ń mọ. Láti ibẹ̀ lọ, ẹsẹ̀ ni, títí èèyàn á fi dé ibi tí wọ́n ń pè ní Fẹ̀gbẹ́kọjá. Àpáta ńlá méjì ló kọjú síra níbẹ̀, ọ̀nà tó sì gba àárín wọn kọjá há, ó tún wọ́ bí ìgúnpá. Ẹni tó ru ẹrù gbọ́dọ̀ fi ẹ̀gbẹ́ rìn. Kẹ̀kẹ́ lásán kò lè gba ibẹ̀, nítorí bí táyà iwájú bá ti yí tán, ìdí rẹ̀ á ti há. Ilé mẹ́rìndínláàádọ́ta ló wà lókè Fẹ̀gbẹ́kọjá, wọ́n sì ti fi ọ̀dà pupa kọ nọ́ńbà sára ilẹ̀kùn ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Nọ́ńbà tó wà lára ilẹ̀kùn Bàbá Àkànjí, tí ilé rẹ̀ wà lókè pátápátá, ni mọ́kànlélógójì. Iye ìṣẹ́jú tí wọ́n máa fi gbé aláìsàn láti ẹnu ọ̀nà náà dé ibi tí gbérami lè gbé e nìyẹn. Òfin Ìdé sọ pé èèyàn kò gbọdọ̀ gbé inú ilé tí tirẹ̀ bá kọjá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Kì í ṣe òfin ìkà. Ìbíwùmí pàápàá wà lára àwọn tó pàtẹ́wọ́ nígbà tí wọ́n ṣe é, nítorí orí ẹ̀yìn Adé, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, ni ìyá wọn dákẹ́ sí, níbi tí wọ́n ti ń gbé e sọ̀ kalẹ̀, kí wọ́n tó jáde ní Fẹ̀gbẹ́kọjá. Àmọ́ nígbà tí òfin wá kan Àgó-Àpáta, tí wọ́n ní kí gbogbo wọn kó lọ sínú ilé gogoro ní Pápá Tuntun, ohun tó wá sí i lọ́kàn ni pé bóyá ọkọ̀ ló yẹ kó yí padà, kì í ṣe ilé.

Bàbá Àkànjí ti dáná èédú dè é lẹ́yìn ilé. Ọkùnrin náà ti pé ẹni ọdún mẹ́rinlélọ́gọ́rin. Kẹ̀kẹ́ ló fi ayé rẹ̀ tún ṣe, kí òfin tó lé kẹ̀kẹ́ kúrò ní títì. Ojú rẹ̀ ti funfun báyìí, àtàǹpàkò ló fi ń ríran.

"Ẹ kúùrọ̀lẹ́, Bàbá."

"Káàbọ̀, ọmọ mi. Ṣé ó jẹ́ kó o kọjá?"

"Ó ní ìrìn dára fún ẹ̀yìn."

Bàbá rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi dé. Ìbíwùmí tú ọ̀já, ó gbé fóòkù náà lé e lọ́wọ́. Bàbá fi àtàǹpàkò tọ̀ ọ́ látòkè délẹ̀. Ó dúró níbì kan, ó padà sẹ́yìn, ó tún dúró.

"Kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́mu ni èyí," ó wí. "Agbè ńlá ńlá ló ti gbé rí. Ó forí gbá nǹkan nígbà kan, wọ́n sì nà án padà. Ẹni tó nà án mọ iṣẹ́."

"Ṣé ó máa ṣe é lò?"

"Irin tó ti tẹ̀ rí tí kò dá, irú rẹ̀ ni mo ń wá. Fẹ́ ẹwìrì."

Ìbíwùmí bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ ẹwìrì. Wọn kò jẹ́ fi iná mànàmáná jó irin pọ̀, nítorí iná ìjọba máa ń sọ ohun tí wọ́n fi í ṣe. Èédú kì í sọ̀rọ̀. Nígbà tí irin pọ́n bí ojú ẹyẹlé, Bàbá ní kó fi idẹ kàn án, idẹ náà sì yọ́ wọ inú oríkèé bí oyin. Òórùn rẹ̀ ni Bàbá fi ń mọ̀ pé ó ti tó.

Kẹ̀kẹ́ gbogbo ní ọrùn kan níwájú, níbi tí ọwọ́ rẹ̀ ti ń yí. Èyí tí àwọn méjèèjì ń ṣe ní ọrùn kejì lábẹ́ ìjókòó. Wọ́n ti mú iwájú kẹ̀kẹ́ kan, wọ́n mú ẹ̀yìn òmíràn, wọ́n sì fi ọrùn kejì yẹn so wọ́n pọ̀, débi pé ìjókòó, pẹ́dàlì, ṣéènì àti táyà ẹ̀yìn lè yà sápá kan nígbà tí táyà iwájú ń lọ sápá kejì. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni Bàbá rí irú rẹ̀, nígbà tó wà ní kékeré, lọ́wọ́ ọkùnrin kan tó wá fi kẹ̀kẹ́ dárà ní pápá iléèwé wọn. Àwọn ọmọ ń hó lé ọkùnrin náà pé, "Oníbàdí! Oníbàdí!" nítorí bí kẹ̀kẹ́ rẹ̀ ṣe ń ju ìdí kiri bí ọlọ́mọge. Orúkọ tí Bàbá mọ̀ ọ́n sí látìgbà náà nìyẹn.

Ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e ni wọ́n to gbogbo rẹ̀ pọ̀. Ìbíwùmí gùn ún lórí àpáta pẹrẹsẹ tó wà níwájú ilé. Kò tíì wa pẹ́dàlì lẹ́ẹ̀mẹ́rin tó fi gbọ́ tí ara rẹ̀ dún mọ́ ilẹ̀.

"Kí ló ṣe é?" Bàbá béèrè láti orí àpótí tó jókòó lé.

"Ìdí rẹ̀ lọ sọ́tùn-ún, orí rẹ̀ lọ sósì, èmi sì lọ sílẹ̀."

"Pẹ̀lẹ́. Ṣé o fara pa?"

"Ìgúnpá ni. Kò pọ̀."

Bàbá ní kó gbé kẹ̀kẹ́ náà wá. Ó fọwọ́ wọn ọrùn kejì. "Ó dúró ṣánṣán jù," ó wí. "Ohun tó bá dúró ṣánṣán báyìí, ibi tó máa ṣubú sí ló ń wá. Jẹ́ ká tẹ̀ ẹ́ sẹ́yìn díẹ̀, bí àgbà tó fẹ́ jókòó."

Wọ́n tún dáná. Ọjọ́ méjì ni wọ́n fi gé ohun tí wọ́n fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ̀. Kẹ̀kẹ́ náà sàn díẹ̀, ṣùgbọ́n bí ìdí rẹ̀ bá ti yà, kì í fẹ́ padà sí àárín. Ìbíwùmí ronú sí i ní gbogbo ọ̀sẹ̀ náà níbi iṣẹ́, títí ọ̀gá rẹ̀ fi bi í bóyá ara rẹ̀ kò yá. Nígbà tó délé, ó gé rọ́bà tíúbù gbọọrọ gbọọrọ, ó sì fi wọ́n gbá ìbàdí náà mú lápá ọ̀tún àti lápá òsì. Bí ìdí bá yà, rọ́bà á jẹ́ kó lọ, á sì rọra fà á padà.

Bàbá fọwọ́ kan rọ́bà náà. Ó ti ìdí kẹ̀kẹ́ sọ́tùn-ún, ó jẹ́ kó padà. Ó tì í sósì.

"Ta ló kọ́ ọ ní èyí?"

"Ọ̀já ni, Bàbá. Ó máa ń jẹ́ kí ọmọ mì lẹ́yìn ìyá rẹ̀ láì já a sílẹ̀."

Bàbá tún fọwọ́ lé ìjókòó. Ó ń ti kẹ̀kẹ́ náà lọ, ó ń tì í bọ̀, bí ẹni tó ń rẹ ọmọ.

Láti ọjọ́ náà lọ ni Ìbíwùmí ti ń gùn ún ní ìdájí, kí àwọn ará àdúgbò tó jí tán. Ó kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi ìdí darí, tó jẹ́ pé ọwọ́ kọ́ ló ń sọ ibi tí kẹ̀kẹ́ máa lọ, ìbàdí ẹni ni. Bó bá dé Fẹ̀gbẹ́kọjá, á ju ìdí sápá ògiri, kẹ̀kẹ́ á wọ́ bí ejò, àpáta á fẹ́rẹ̀ẹ́ kan èjìká rẹ̀ méjèèjì, á sì bá ara rẹ̀ lódì kejì. Ẹni ọdún mẹ́tàlélógójì ni. Ó pẹ́ tó ti rẹ́rìn-ín lóun nìkan bẹ́ẹ̀ gbẹ̀yìn.

Ọjọ́bọ̀ ni Ilé-iṣẹ́ Ìdé rán èèyàn wá ṣe àyẹ̀wò ìkẹyìn. Adérìnóyè lorúkọ rẹ̀, obìnrin tí kò tíì tó ọgbọ̀n ọdún, tó wọ aṣọ iṣẹ́ aláwọ̀ eérú. Ẹ̀rọ kan tó rí roboto bí igbá ń fò jẹ́ẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ èjìká rẹ̀, ojú kan ṣoṣo ló sì ní. Olójúkan ni gbogbo ìlú ń pe irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀.

"Ìwọ," Olójúkan kọjú sí Bàbá Àkànjí, "ṣé ìwọ lo ni ilé yìí?"

Bàbá yí etí sí i. "Ta ló tọ́ eléyìí dàgbà?"

"Ẹ má bínú, Bàbá," ni Adérìnóyè wí. "Wọn ò kọ́ ọ ní 'ẹ'."

Ìbíwùmí ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀ jáde, ó ní òun lè fi gbé aláìsàn sọ̀ kalẹ̀ kí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó pé. Adérìnóyè wo kẹ̀kẹ́ náà yí po. Ó ní kí wọ́n gbé àpò iyanrìn kan tó wúwo tó àgbàlagbà sórí káríà ẹ̀yìn, òun fúnra rẹ̀ sì sọ̀ kalẹ̀ lọ dúró níbi tí gbérami ń mọ. Àwọn ará Àgó-Àpáta jáde wá tò sí ẹ̀bá ọ̀nà. Nígbà tí Olójúkan dún lẹ́ẹ̀kan, Ìbíwùmí jọ̀wọ́ bíréèkì.

Àpò iyanrìn náà wúwo ju bó ṣe rò lọ. Ó ń tì í láti ẹ̀yìn bí ẹni tó ń kánjú. Ní Fẹ̀gbẹ́kọjá, rọ́bà apá òsì ké, ó rò pé ó ti já, ṣùgbọ́n ó ju ìdí sí i pátápátá, kẹ̀kẹ́ wọ́, àpò ha àpáta fẹ̀ẹ̀rẹ̀, iyanrìn díẹ̀ sì dà sílẹ̀ kó tó jáde sínú oòrùn. Ariwo tó sọ lẹ́yìn rẹ̀ dé ìsàlẹ̀ kó tó débẹ̀.

"Ìṣẹ́jú mọ́kànlá," ni Olójúkan wí.

Adérìnóyè mí kanlẹ̀, bí ẹni pé òun náà wà lórí kẹ̀kẹ́. "Kọ ọ́ sílẹ̀."

"Irú ọkọ̀ wo ni kí n kọ?" Ẹ̀rọ náà fò yí kẹ̀kẹ́ po lẹ́ẹ̀mejì. "Ohun méjì ni mo rí. Ọ̀kan ń lọ sọ́tùn-ún, ọ̀kan ń lọ sósì."

"Ọ̀kan ṣoṣo ni."

"Kò sí i nínú àwòṣe ọkọ̀ méjìlélógún tí òfin mọ̀. Ọkọ̀ tí kò sí nínú àwòṣe kò lè dé ibì kankan."

Adérìnóyè fa Ìbíwùmí sábẹ́ igi máńgòrò kan, ó ní kí Olójúkan dúró lọ́ọ̀ọ́kán.

"Àǹtí, ọ̀nà méjì ló wà," ó wí wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. "Ẹ fi bóòtù de ìbàdí yẹn pa kó má lè yí mọ́. Á di kẹ̀kẹ́ ológeere lásán, ìyẹn ṣì wà nínú àwòṣe. Màá fún yín ní àmì rẹ̀ lónìí, ẹ lè máa gùn ún ní pápá. Mi ò sì ní bi yín níbi tẹ́ ẹ ti rí irin."

"Fẹ̀gbẹ́kọjá ńkọ́?"

"Kò ní lè kọjá níbẹ̀ mọ́. Gbogbo yín á kó lọ sí Pápá Tuntun kí òjò tó bẹ̀rẹ̀."

"Ọ̀nà kejì?"

"Kí n kọ ọ́ sílẹ̀ bí àwòṣe tuntun. Ẹ máa fi ẹnu ara yín sọ ibi tí irin kọ̀ọ̀kan ti wá, níwájú Olójúkan. Tó bá ti gbà á, àdúgbò yín di ibi tó ṣeé dé. Wọ́n máa gbé kẹ̀kẹ́ yìí lọ sí Ilé Àwòṣe, kò sì ní padà wá. Ẹnikẹ́ni tó bá ní irin tirẹ̀ lè ṣe irú rẹ̀, ọdún kan lẹ sì ní láti ṣe òmíràn." Ó wo ilẹ̀. "Ilé Ìyọ́rin á gbọ́ kí oòrùn tó wọ̀. Wọn ò ní tì yín mọ́lé, àmọ́ ẹ ò ní fọwọ́ kan irin ìjọba mọ́ láyé yín."

Ìbíwùmí wò ó. "Tó bá jẹ́ ẹ̀yin ńkọ́, kí lẹ máa ṣe?"

Adérìnóyè ronú sí i dáadáa. "Màá de bóòtù," ó wí. "Mi ò ní purọ́ fún yín." Ó fi bóòtù kan lé e lọ́wọ́ láti inú àpò rẹ̀. "Màá gòkè wá lọ́sàn-án."

Ìbíwùmí ti kẹ̀kẹ́ gòkè. Ẹnikẹ́ni kò dá a dúró, wọ́n ti rí ojú rẹ̀. Nígbà tó sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún Bàbá Àkànjí, Bàbá kò ronú lọ títí.

"De bóòtù," ó wí. "Pápá Tuntun náà ní ibi tí èèyàn lè jókòó sí."

"Ṣé ẹ fẹ́ lọ ni?"

"Mi ò fẹ́. Àmọ́ èmi tí mo ti ń palẹ̀ mọ́, kí ni mo fẹ́ fi ibi tí mo wà ṣe? Iṣẹ́ rẹ ni kó o dì mú."

Ìbíwùmí jókòó sórí àpáta, ó gbé kẹ̀kẹ́ náà lé orúnkún. Bàbá rò pé oúnjẹ òòjọ́ ló ń bẹ̀rù fún. Kì í ṣe ìyẹn nìkan. Ọdún kọkàndínlógún rèé tó jẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ló ń kan àwọn kẹ̀kẹ́ náà kẹ́yìn. Ó ti rí èyí tí ẹnì kan fi ìṣó ha orúkọ ìyàwó rẹ̀ sára páìpù. Ó ti rí èyí tí wọ́n so àga ọmọ kékeré mọ́, tí ibi tí ọmọ náà ń fọwọ́ dì mú ti ń dán. Bó bá kúrò níbẹ̀, ẹlòmíràn á máa jù wọ́n síná lódidi láìwò wọ́n. Òun kò sì ní rí kẹ̀kẹ́ mọ́, bó ti wù kó rí.

Ó ki bóòtù bọ ihò. Ó yí i lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ó ti ìdí kẹ̀kẹ́ náà. Kò mira. Ó dúró gbagidi bí ọ̀pá tí wọ́n rì mọ́lẹ̀.

Ìgbà náà ni ohùn ìyá rẹ̀ sọ sí i létí, bó ṣe ń sọ lórí ẹ̀yìn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ́jọ́ tó dákẹ́: "Rọra, Adé. Rọra, má já." Obìnrin tó ń kú lọ, tó ń bẹ ọmọ rẹ̀ pé kó má ṣubú. Ìbíwùmí rìn lẹ́yìn wọn lọ́jọ́ náà, ó gbé bàtà ìyá rẹ̀ dání, kò sì sí ohun tó lè ṣe.

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú bóòtù náà. Bàbá gbọ́ ìró rẹ̀, ó gbé orí sókè.

Nígbà tí Adérìnóyè dé, òógùn bò ó, èrò sì ti pé síwájú ilé. Ìbíwùmí dá bóòtù rẹ̀ padà fún un. Adérìnóyè wo bóòtù náà ní àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ó sì pe Olójúkan.

"Fóòkù iwájú," ni ẹ̀rọ náà wí. "Níbo ló ti wá?"

"Ilé Ìyọ́rin. Lára kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́mu. Mo pọ̀n ọ́n jáde."

"Ṣàlàyé 'pọ̀n'."

"Bí wọ́n ṣe ń pọ̀n ọmọ."

"Ṣéènì."

"Ilé Ìyọ́rin. Mo so ó mọ́ ìdí bí ìlẹ̀kẹ̀."

Ẹnì kan bú sẹ́rìn-ín láàárín èrò, ó sì fọwọ́ bo ẹnu. Ìbíwùmí ń bá a lọ láìgbójú sókè. Bẹ́ríìn wà nínú gèlè. Pẹ́dàlì wà nínú abọ́ oúnjẹ, lábẹ́ ẹ̀bà. Páìpù ni ó fi ṣe ọ̀pá ìtilẹ̀ lọ́sẹ̀ tó purọ́ pé òun fẹsẹ̀ kọ. Nígbà tó kan ìrímù méjèèjì, ó ní òun ta àwọ̀n sí wọn lójú, òun da ẹ̀pà sí wọn, òun sì gbé wọn jáde bí atẹ. "Mo tiẹ̀ bu ẹ̀pà náà fún ọ̀gá wa," ó wí, gbogbo èrò sì bú sẹ́rìn-ín. Adérìnóyè yíjú sápá kan.

"Ta ló ṣe é?" Olójúkan béèrè.

"Èmi ni."

"Ìwọ nìkan?"

"Èmi nìkan."

"Irọ́ ni!" Bàbá Àkànjí fi ọ̀pá lu ilẹ̀. "Kọ orúkọ mi sí i! Àkànjí, ọmọ Ṣówándé. Imú mi ló mọ ìgbà tí idẹ rẹ̀ tó."

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́," ni Ìbíwùmí bẹ̀ ẹ́.

"Iṣẹ́ wo ni wọ́n fẹ́ gbà lọ́wọ́ mi? Kọ ọ́!"

"Ìwọ ta ni?" ẹ̀rọ náà béèrè.

"Bàbá tó bí ẹni tó ṣe ọ́!"

Olójúkan fò yí Bàbá po lẹ́ẹ̀kan. "Mo ti kọ ọ́," ó wí nígbẹ̀yìn. "Àwòṣe kẹtàlélógún. Orúkọ?"

"Kẹ̀kẹ́ oníbàdí," ni Ìbíwùmí wí.

Adérìnóyè fúnra rẹ̀ ló pa mọ́kànlélógójì rẹ́ lára ilẹ̀kùn, ó sì kọ mọ́kànlá síbẹ̀. Kò pàtẹ́wọ́, kò rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kí ó tó sọ̀ kalẹ̀ lọ, ó kúnlẹ̀ fún Bàbá. Ó wá sọ fún Ìbíwùmí pé gbérami kò lè gòkè wá gbé kẹ̀kẹ́ náà, òun máa dúró dè é nísàlẹ̀.

"Jẹ́ kí n gùn ún," ni Bàbá wí nígbà tó lọ tán.

"Bàbá!"

"Dì mí mú."

Ìbíwùmí gbé e gun ìjókòó, ó dì í mú níbàdí, ó sì ń tì í lọ díẹ̀díẹ̀ lórí àpáta pẹrẹsẹ. Ní ìgbà àkọ́kọ́, Bàbá le gbagidi. Nígbà tí wọ́n yí kiri lẹ́ẹ̀kan, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ju ìdí. Ó jù ú sọ́tùn-ún, ó jù ú sósì, fìlà rẹ̀ jábọ́, kò béèrè rẹ̀. Àwọn ará ilé ń wò wọ́n láti ẹnu ọ̀nà.

Lẹ́yìn náà ni Ìbíwùmí gùn ún sọ̀ kalẹ̀. Kò kánjú. Nísàlẹ̀, ilẹ̀kùn gbérami ṣí fúnra rẹ̀, òun àti Adérìnóyè gbé kẹ̀kẹ́ náà wọlé, ìdí rẹ̀ sì yà díẹ̀ kó tó gba inú ọkọ̀. Ilẹ̀kùn pa dé. Adérìnóyè ní, "Ó dìgbà, Àǹtí." Ìbíwùmí dúró títí ọkọ̀ náà fi wọ títì, ó sì kọrí sókè. Ọwọ́ rẹ̀ kò mọ ohun tó lè dì mú.

Ní Fẹ̀gbẹ́kọjá, ìyá kan tí ilé rẹ̀ kò jìnnà síbẹ̀, Ìyá Fọlárìn, dúró dè é. Ó gbé irin roboto eléyín kan dání, èyí tó ti dúdú kirikiri fún èéfín.

"Ìkòkò ni mò ń gbé kà á láti ìgbà tí mo ti wọlé ọkọ," ó wí, ojú sì ń tì í. "Bàbá ọkọ mi ló ni ín. Wọ́n ní ara kẹ̀kẹ́ ni. Ṣé kò lè wúlò?"

Ìbíwùmí gbà á. Jíà ìdí pẹ́dàlì ni. Ó fi orúnkún kan ilẹ̀ dúpẹ́. Kó tó dé òkè, ọkùnrin kan ti fa ìrímù yọ lára ọgbà adìẹ rẹ̀, ẹnì kan ti tú ọwọ́ kẹ̀kẹ́ tí wọ́n ń sá aṣọ sí. Òmíràn gbé páìpù omi wá, kò tilẹ̀ jẹ́ ti kẹ̀kẹ́ rárá, ṣùgbọ́n Ìbíwùmí kò lè sọ pé kó gbé e padà.

Wọ́n kó gbogbo rẹ̀ dà síwájú Bàbá Àkànjí. Bàbá mú jíà náà, ó ha èéfín kúrò lára rẹ̀ pẹ̀lú èékánná, ó fi àtàǹpàkò ka eyín rẹ̀ títí ó fi yí i po.

"Eyín méjì ti ká," ó wí. "Ìbíwùmí, wá jókòó. Ẹ mú fáìlì tá a fi ń ha irin wá."